Iná tí a fi dá ẹjọ́ ọmọ náà: lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìbáwí ìjọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin màmá mi nínú Olúwa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ, ẹ kú ìmúra ìkórè. Mo mọ̀ pé inú yín ò ní dùn pé ìta gbangba ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀, ìgbà méjèèjì lẹ ní kí èmi màmá akọ̀wé lọ sinmi, pé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin ìjọ wa tí a bá wí nítorí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti parí. Kò tíì parí lọ́kàn mi. N kò ní dárúkọ ìjọ wa, n kò sì ní dárúkọ ọmọ náà. Ìfilọ̀ tí a kà ní Sọ́ńdè ọjọ́ yẹn ti dárúkọ rẹ̀ tó. Àwọn ìjọ mìíràn wà láti Sábó dé Under G tí wọ́n ní irú ọmọ yìí nílẹ̀, nítorí tiwọn ni n kò ṣe lẹ àpòòwé yìí pa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ kò fẹ́ kí n dé, ìyẹn ni jẹnẹrétọ̀.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí a jókòó lé ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà, wọ́n ti mú iná lọ láti ọ̀sán. Bàbá olùṣọ́ lọ tan jẹnẹrétọ̀, gílóòbù mọ́lẹ̀, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀, mo kọ déètì, mo kọ orúkọ àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì yẹn lẹ́yìn fèrèsé tí ọwọ́ mi sì dúró. Ọmọ yìí ló rà á. Ẹ rántí Sọ́ńdè tó gbé e wá. Aṣọ funfun ló wọ̀, ìyá rẹ̀ jó dé iwájú pẹpẹ títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. A gbàdúrà lé e. Ọ̀kan nínú yín gba máíkì, ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ yòókù wá wo àwòkọ́ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Jagun, ra jẹnẹrétọ̀ ńlá fún ilé Ọlọ́run, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Èmi tí mo kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti ìgbà tó ti ń wọ ṣòkòtò péńpé, èmi náà ò bi í. Mo pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ fi ta mí.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn agbófinró lọ kó òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé tí wọ́n gbà. Yahoo ni. Kó tó rí béèlì gbà, a ti yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, a ti ní kó má jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa fún ọdún kan, a sì ti ka orúkọ rẹ̀ sétí ìjọ. Mátíù orí kejìdínlógún ní kí a kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin náà, òun àti àwa nìkan, kí a tún mú ẹnìkan tàbí méjì dání bí kò bá gbọ́, kó tó wá di ọ̀rọ̀ ìjọ. Ẹsẹ̀ kan àwa mẹ́sàn-án ò yà sílé wọn. Ẹsẹ tó kẹ́yìn la fi bẹ̀rẹ̀.

Iná tí ọmọ náà rà la sì fi rí ojú ara wa nígbà tí à ń ṣe é.

Ohùn méjì ló jáde nínú ìpàdé yẹn, mo sì kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Bàbá kan ní ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá: Gálátíà orí kẹfà, ẹsẹ karùn-ún, olúkúlùkù ni yóò ru ẹrù ara rẹ̀. Ọmọ náà mọ ohun tó dára, ó yan ohun tó burú, kó lọ jẹ èrè rẹ̀. Bàbá kejì ní rárá o, ọmọ náà kọ́. Bàbá tó bí i kọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ò sí nílùú, àwọn tí wọ́n jọ jáde ilé ìwé ń gun ọ̀kadà pẹ̀lú sátífíkéètì lápò, gbogbo àdúgbò ló sì ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá gbé mọ́tò wọlé. Ó ní ẹnikẹ́ni tí a bá gbé sí àyè yẹn á ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wá fi kún un pé, àbí àwọn òyìnbó tí wọ́n kó àwọn bàbá ńlá wa lẹ́rú ńkọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n san díẹ̀ padà. Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo kọ "ẹ̀rín" sínú àkọsílẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ ṣe ìbò, ohùn àkọ́kọ́ borí. Lójú tèmi, àwọn bàbá méjèèjì ni wọ́n gé èèyàn sí méjì, tí kálukú wọn sì gbé ìlàjì tirẹ̀ lọ.

Màá kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn bàbá kejì, nítorí pé àwa oníṣọ́ọ̀ṣì kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá yẹn ò mọ̀ pé sosiọ́lọ́jì lòun ń sọ. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, mo sì mọ orúkọ àwọn tó sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Ní 1938, Robert Merton, onímọ̀ àwùjọ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé àwùjọ lè gbé ohun kan ṣoṣo síwájú gbogbo ọmọ pé ìyẹn ni ayé, ìyẹn ni owó, kó sì tún ti ilẹ̀kùn ọ̀nà ibẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú. Ẹlòmíràn á fara mọ́ ọ̀nà gbọọrọ tí kò já sí ibi kankan. Ẹlòmíràn á jáwọ́ nínú méjèèjì. Ẹlòmíràn ò ní jáwọ́ nínú owó, ọ̀nà ló máa yí padà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Merton fún ní orúkọ tí à ń pe ẹni tó dá ohun tuntun sílẹ̀. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní òyìnbó yìí dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí ni.

Ó ti pẹ́ kí tirẹ̀ tó dé tí Karl Marx, onímọ̀ ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní 1845 pé ohun tí à ń pè ní èèyàn ò fara pamọ́ sínú ẹnì kọ̀ọ̀kan bí kóró inú àgbálùmọ̀. Àpapọ̀ àjọṣe òun àti àwọn yòókù ni. George Herbert Mead, tó kọ́ni ní Chicago, ní ọmọdé kì í mọ ara rẹ̀ àyàfi kó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀ láti ojú ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣe bí ìyá, bí tíṣà, bí ọlọ́pàá nínú eré. Èyí ò ṣàjèjì sí ẹni tí wọ́n bá ti ki oríkì rẹ̀ fún láàárọ̀. Ìyá àgbà tó ń kì ọ́ ló ń sọ ẹni tí o jẹ́ fún ọ, o ò tíì lè sọ̀rọ̀, orí rẹ sì ti ń wú. Akinsola Akiwowo, ọ̀jọ̀gbọ́n wa ní Ifẹ̀, kò tilẹ̀ lọ yá èdè ẹnikẹ́ni. Ẹsẹ Ifá ló fi ṣe ìpìlẹ̀ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1986 tí àwọn onímọ̀ àwùjọ káàkiri àgbáyé kà: àsùwàdà, pé ìṣùpọ̀ ni ohun gbogbo fi ń wà. Àjọbí àti àjọgbé ni ọ̀rọ̀ méjì tó fi ń tú ìbágbépọ̀ wa palẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọ ẹ̀yin tí ẹ̀rù Ifá ń bà létí: ohun tó sọ nípa èèyàn kò jìnnà sí "kò dára kí ọkùnrin náà nìkan máa gbé."

Nítorí náà, nígbà tí bàbá kejì ní àdúgbò wà nínú ohun tí ọmọ náà ṣe, òótọ́ ló sọ. Ibi tó kùnà ni pé ó dárúkọ ìjọba, ó dárúkọ bàbá ọmọ, ó dárúkọ òyìnbó, kò dárúkọ wa. Tó bá jẹ́ pé ojú àwọn èèyàn ni ọmọ fi ń mọ ara rẹ̀, ojú ta ló ń wò ní Sọ́ńdè ìdúpẹ́ yẹn? Àwa la ki oríkì rẹ̀ fún un. Àwa la sọ fún un pé owó tí a kò mọ orísun rẹ̀ lè sọ èèyàn di àwòkọ́ṣe.

Ṣùgbọ́n mi ò lè bá bàbá náà dé ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn, ibi ẹ̀rín yẹn ni mo sì ti bọ́ sílẹ̀.

Mo lọ rí ọmọ náà. Ẹ kò rán mi. Èlùbọ́ ni mo ní mo fẹ́ rà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ìyá sì lóye, ó ní ó wà nílé. A jókòó, a ò sọ ohun púpọ̀. Nígbà tó yá ni mo bi í pé obìnrin tí ó lù ní jìbìtì, ta ni? Ó kọ́kọ́ ní maga ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n bá ń lù ní jìbìtì nìyẹn. Mo ní mo mọ̀ pé maga ni, orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni mò ń bèèrè. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá dárúkọ rẹ̀. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹsẹ̀ òsì ń dùn ún tí òtútù bá mú. Oṣù márùn-ún ni ọmọ yìí fi ń kí i lójoojúmọ́ lórí Facebook, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú alẹ́, ẹsẹ̀ ńkọ́. Ó mọ oúnjẹ tí ọkọ rẹ̀ tó kú fẹ́ràn. Ó mọ orúkọ ajá rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ ajá yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ń pè é ní maga kó má bàa jọ èèyàn lójú wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ náà ò lè rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí èèyàn tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí ilé dá, tó ń ṣàárò ọkọ. A kì í fi ìfẹ́ tan òkúta jẹ. Ohun tí wọ́n ní kò sí lára rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi di ọlọ́rọ̀.

Ibí yìí ni èmi àti Émile Durkheim, onímọ̀ àwùjọ, ti yapa. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ọmọ rábì ni, ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1898, nígbà tí wọ́n ń fi ìyà jẹ ológun Júù kan tó ń jẹ́ Dreyfus láìṣẹ̀ láìrò, ó dìde, ó kọ̀wé pé láyé òde òní, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di ohun mímọ́, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀mí tàbí òmìnira rẹ̀, bí ẹni ba ojúbọ jẹ́ ló rí. Ọ̀rọ̀ ńlá. Àmọ́ tí a bá bi í pé ta ló ya èèyàn sí mímọ́, á ní àwùjọ ni. Ó dáa. Nínú ilé tí wọ́n gbà yẹn, ọmọkùnrin mẹ́fà ló wà níbẹ̀, àwùjọ ni wọ́n, wọ́n lédè, wọ́n lófin, wọ́n lọ́gàá. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fohùn ṣọ̀kan pé obìnrin yẹn kì í ṣe ohun mímọ́. Nínú ìgbìmọ̀ wa, àwa mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, a fi ẹ̀rín fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ àwùjọ ló ń wọ èèyàn níyì bí ẹní wọ ọmọ láṣọ, àwùjọ ló tún máa bọ́ ọ nígbà tó bá wù ú, ta ló sì fẹ́ bi í?

"Jẹ́ kí a dá ènìyàn ní àwòrán wa, gẹ́gẹ́ bí ìrí wa." Kò sí ìgbìmọ̀ kan níbẹ̀ tí a dìbò fún. Àwòrán yẹn ti wà lára opó náà kí ọmọ wa tó fi ìkíni àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i, ó sì wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí a rẹ́rìn-ín. Jákọ́bù ní ahọ́n kan náà la fi ń yin Olúwa, òun náà la fi ń bú àwọn èèyàn tí a dá ní àwòrán Ọlọ́run. Ìpàdé yẹn, orin la fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé mo ti sá padà sẹ́yìn Bíbélì láti fi bú àwọn onímọ̀ sosiọ́lọ́jì. Ìtàn tiwa kò fàyè gba ìgbéraga. 1855 ni Thomas Jefferson Bowen dá iṣẹ́ ìránṣẹ́ Baptist sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, gbogbo wa la sì ń fi yangàn. Àwọn ìjọ tó rán an, 1845 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ohun tó sì yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ àwọn ará Àríwá ibẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ní ẹrú lè jẹ́ ajíhìnrere. Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní wà nínú Bíbélì tí wọ́n ń kà. Wọ́n kà á, wọn ò rí i. Ó di 1995 kí ẹgbẹ́ náà tó tọrọ àforíjì ní gbangba. Irú ìfọ́jú báyìí, àjọgbé níí fọ́ni lójú bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá a fọ́. Reinhold Niebuhr, tó ṣe pásítọ̀ ọdún mẹ́tàlá ní Detroit láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ilé mọ́tò, ló sọ ọ́ ní 1932 pé ẹnì kọ̀ọ̀kan lè láàánú, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti di ẹgbẹ́, àánú á jó rẹ̀yìn. Ẹ wo àwa náà. Mo mọ ẹni tó ń san owó ilé ìwé ọmọ aládùúgbò láàrin yín, mo mọ ẹni tó gbé opó sínú mọ́tò rẹ̀ lọ sí ọsibítù lóru. Kò sí ọ̀kan nínú yín tó lè dá wo ojú ọmọ yẹn kó sọ ohun tí a jọ kọ sínú ìfilọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí bàbá àkọ́kọ́ jọ̀wọ́ fi ìka rẹ̀ gòkè díẹ̀ lójú ewé kan náà. Ẹsẹ karùn-ún ló kà. Ẹsẹ kejì ní kí a máa ru ẹrù ọmọnìkejì wa. Pọ́ọ̀lù kọ méjèèjì sórí kan ṣoṣo, ẹsẹ méjì péré ló wà láàrin wọn, kò sì ní kí a mú ọ̀kan ká ju ìkejì nù.

Mo ti gbìyànjú láti wá ẹnìkan tó jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, Sákéù ni mo bá. Ọ̀gá agbowó orí ni; ìjọba Róòmù ló ṣe ètò náà tí agbowó fi ń rẹ́ni jẹ, òun kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó níbẹ̀ á ṣe bẹ́ẹ̀, bí bàbá kejì ti wí. Jésù dárúkọ rẹ̀, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀, pé ilé rẹ̀ lòun máa wọ̀ sí. Ìgbà tí ẹnìkan wọlé rẹ̀ tán ló tó dìde dúró tó ní òun máa dá ohun tí òun fi èké gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò ní Róòmù ló fà á. Jésù náà kò sì dá a yọ sọ́tọ̀ nínú ìdílé. Ọmọ Ábúráhámù ló pè é, lójú gbogbo àwọn tó ń kùn. Àbẹ̀wò ló ṣáájú, ìpadàbọ̀sípò owó ló tẹ̀ lé e. Àwa kà á láti ẹ̀yìn.

Àbí ẹ ti gbàgbé orúkọ ìlú tí à ń jẹ́? Ìtàn ìlú sọ pé ẹjọ́ ìpànìyàn ló wà lọ́rùn Ògúnlọlá, ẹni tó tẹ ìlú wa dó, nígbà tí wọ́n fà á dé ọ̀dọ̀ Aláàfin. Ẹni tó ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ ni, tó fi lọ gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, wálé. N kò ní gbogbo ẹlẹ́jọ́ ló máa di Ṣọ̀ún, ọba ìlú wa, o. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ojú ti ọmọ ìlú yìí díẹ̀ kó tó fi ìfilọ̀ pa ìtàn ẹnìkan dé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ọmọ náà jẹ̀bi, kó dé kóòtù, kó sì gba ohun tí òfin 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ní kó gbà. N kò wá rọ ẹ̀bi rẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n kí ẹni méjì nínú yín lọ sílé wọn, kí wọ́n má gbé ìwé lọ́wọ́, kí wọ́n jókòó sórí àga tí wọ́n bá nà sí wọn. Kí a sì ta jẹnẹrétọ̀ náà, kí owó rẹ̀ lọ sọ́wọ́ agbẹjọ́rò rẹ̀, kó wà lára ohun tí wọ́n máa dá padà fún opó náà. Owó obìnrin yẹn ni, kì í ṣe tiwa. Mo gbọ́ pé ẹnìkan ti ń sọ pé kí la fẹ́ máa fi ṣe ìsìn alẹ́. Àwọn tó kọ́ wa ní orin fi àtùpà elépo kọ ọ́, ohùn wọn sì jáde. Bí a bá tà á tán, kí a ka ìyẹn náà nínú ìfilọ̀, lórí máíkì kan náà, pé a gba ohun tí kò tọ́ láti gbà, a sì pàtẹ́wọ́.

Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé Ọjọ́bọ̀ yẹn ṣì wà nínú àpò mi. Alága ti fọwọ́ sí i, ó ku ti akọ̀wé. Àwọn méjì ti bá mi sọ ọ́ pé kí n ṣáà fọwọ́ sí i kó lè wọ fáìlì, pé nǹkan kékeré ni. Màá gbé e dání wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú bírò, bí wọ́n bá sì mú iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti ra àbẹ́là.

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Akọ̀wé ìgbìmọ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́.